Ọdún Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Lẹ́sẹ̀ Igi Páínì

Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Conyers, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, pe àwa àgbà jókòó síwájú, wọ́n ní kí kálukú sọ iṣẹ́ tó fi gbé ayé, kí àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Ìyá kan ní nọ́ọ̀sì ni òun. Bàbá kan ní apòògùn ni òun. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní kọ̀ǹpútà ni òun fi jẹun. Nígbà tó kàn mí, mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń ya èèrà àti iná nípa. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ní ìjókòó kejì ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìpàdé, ó tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò, ó ní, "Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, can you write it down? Mo like insects gan-an, but Mummy said that's not a career." Òun ni mo ṣe jókòó ti ìwé yìí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tèmi fún yín, pẹ̀lú kòtò tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iná tí mo sọ yẹn. Kòkòrò bíńtín kan wà tó ń gbé lára igi páínì, irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú ilé ní Kérésìmesì, aphid ni àwọn ará ibí ń pè é. Èmi ń pè é ní iná igi, nítorí bí iná orí ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé ìwé ni èyí náà ń ki ẹnu bọ èèpo igi tó ń fa oje rẹ̀. Oje náà máa ń pọ̀ ju ohun tí ikùn rẹ̀ lè gbà lọ, nítorí náà á máa yọ èyí tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó sì dùn bí oyin. Ẹ mọ èèrà àti ohun dídùn. Èèrà á gun igi lọ bá a, á fi ìwo orí rẹ̀ rọra máa pa á nídìí, iná náà á sì yọ ẹ̀kán kan fún un, bí Fúlàní ṣe ń fún wàrà lára màlúù. Kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí kòkòrò pupa roboto tó ní àmì dúdú lẹ́yìn bá wá jẹ àwọn iná náà, àwọn èèrà á dìde sí i, wọn á gé e lẹ́sẹ̀ jẹ, wọn á lé e dànù. Iná á wá máa bí sí i láìsí ẹni tó máa mú un. Oyin tí èèrà ò bá mu tán á kán sórí ewé, nǹkan dúdú kan á hù lé e lórí, igi á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ta ló máa ra igi Kérésìmesì tó dúdú?

Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mí nílé kí n tó tẹ̀ lé ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá sí Atlanta. Mo kọ́kọ́ ń to páálí ní wíàháùsì kan ní McDonough, ẹ̀yìn ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan tí mo ṣìnà lójú ọ̀nà Loganville, mo rí pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ oko. Mo yà síbẹ̀. Nípa bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀: ó tó jẹun, kò tó fi ṣe fáàrí.

Ẹni tó ni oko náà ni Miss Loretta, obìnrin dúdú ará Georgia, opó tó jogún oko igi Kérésìmesì lọ́wọ́ ọkọ wọn. Lágbègbè yẹn, wọn kì í pe àgbà obìnrin lórúkọ láìfi Miss ṣáájú, bí àwa náà ṣe ń fi Aunty ṣáájú, ìyẹn sì tètè jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló balẹ̀ níbẹ̀ o. Obìnrin náà le. Oṣù mẹ́ta gbáko, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun èlò kankan. Iṣẹ́ mi kò ju kí n káwọ́ sẹ́yìn, kí n máa rìn láàrin igi láti ìdájí títí oòrùn yóò fi mú. Wọ́n ní ẹsẹ̀ igi ni kí n máa kọ́kọ́ wò kí n tó gbójú sókè, nítorí ìdí ni ọ̀rọ̀ igi ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá rí èèrà tó ń gòkè, kí n wo ikùn rẹ̀. Bí mo bá rí èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí n wo ikùn tirẹ̀ náà. Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tí wọ́n ń sọ: èyí tó ń gòkè, ikùn rẹ̀ tín-ín-rín, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ikùn rẹ̀ kún, ó ń dán nínú oòrùn. Láti ìgbà yẹn, mi ò nílò ẹni tó máa sọ fún mi pé iná wà lókè.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n á bi mí pé igi mélòó ni èèrà ń gùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní bíi ogún. Wọ́n ní kò sí "bíi" nínú oko àwọn, kí n padà lọ kà á. Mo padà lọ kà á. Mẹ́rìnlélógún ni. Inú bí mi, mo kùn délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé olùkọ́ tó ti na ọmọ ènìyàn lẹ́gba rí kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa rán padà bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ìyàwó mi ní bóyá wọ́n ń gbẹ̀san àwọn ọmọ tí mo nà ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n tó gbé àwo fún mi. Àwo tánganran funfun kan ni, etí rẹ̀ ti ṣá. A máa ń gbé e sábẹ́ ẹ̀ka, a ó fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ lu ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀mẹta, ohunkóhun tó bá ń gbé níbẹ̀ á já sínú àwo, ojú á sì rí i. Àwo yẹn ni ìwé ẹ̀kọ́ mi. Inú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iná igi lè máa bímọ láìrí akọ, tí àwọn ọmọ náà á sì tún máa bímọ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo púpọ̀. Nígbà míì tí mo bá rántí àárọ̀ wọ̀nyẹn, ìrì lórí koríko, òórùn páínì tó ń wọ imú lọ dé àyà, àti Miss Loretta níwájú mi pẹ̀lú bàtà rọ́bà, àárò rẹ̀ máa ń sọ mí gidigidi.

Àmọ́ ìtìjú ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ní ìjọ wa, dókítà ló wà lápá ọ̀tún, oníṣirò owó ló wà lápá òsì. Bí wọ́n bá bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe, màá ní mo wà ní agriculture, màá fà á bí ẹni pé ọ́fíìsì ìjọba ni. Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì sínú mọ́tò. Kí n tó kúrò lóko lọ́jọ́ ìpàdé, màá ti pààrọ̀ aṣọ, màá ti fi kẹrosíìnì fọ oje páínì kúrò lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ra igi Kérésìmesì, màá ní ọ̀rẹ́ mi kan ní oko. Díẹ̀díẹ̀, ìjọ wa àti àwọn ìjọ Nàìjíríà míì wá di oníbàárà Miss Loretta tó pọ̀ jù.

Ní ọdún kẹfà, mo ti ń rò pé mo gbọ́n. Bàbá mi ní oko kòkó àti obì lẹ́bàá Ìkirè, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún wa pé igi tí èèrà bá ń gùn, kí a má fọwọ́ kàn án, èèrà ni ọdẹ tó ń ṣọ́ igi náà. Èmi náà sì ti fi ojú ara mi rí èèrà tó ń wọ́ kòkòrò ajẹwé sọ̀ kalẹ̀ láti orí páínì, mẹ́fà mẹ́fà, bí ẹni ń gbé òkú ọ̀tá. Mo lọ sọ ọ́ fún Miss Loretta. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Òótọ́ lo rí, ṣùgbọ́n o ò rí i tán. Èèrà yẹn ò ṣọ́ igi. Màlúù rẹ̀ ló ń ṣọ́." Inú mi ò gbà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ará Georgia kò lè mọ èèrà ju bàbá mi lọ.

Ìparí oṣù kẹjọ ni a máa ń fi oúnjẹ olóró sí ẹ̀bá ihò èèrà, a ó tún fi ọ̀já tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan yí ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan ká kí èèrà má lè gùn ún. Lọ́dún yẹn, orúnkún ń yọ Miss Loretta lẹ́nu, wọ́n wá fi ìlà mẹ́jọ ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò, lé èmi nìkan lọ́wọ́. Ìlà mẹ́jọ yẹn ni igi tó dára jù wà. Mo gbé oúnjẹ olóró náà dé ibẹ̀, mo wo àwọn èèrà bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, mo ní n ò ní pa ọdẹ tó ń ṣọ́ igi. Mo gbé òun àti ọ̀já padà sínú abà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ̀yin ọmọ, ìgbéraga ni, ìgbéraga sì burú ju ọ̀lẹ lọ nítorí ó máa ń jọ ọgbọ́n. Nírọ̀lẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo ti ṣe é. Mo ní mo ti ṣe é tán, ìdí gbogbo wọn mọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọn ò lọ wò ó.

Òjò rọ̀ dáadáa lóṣù kọkànlá, ó fọ dúdú tó wà lójú igi kúrò. Ní oṣù Kérésìmesì, mo yan èyí tó ga jù ní ìlà kẹta, mo ní kó jẹ́ ti ìjọ wa. A gbé e síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin, a tan gílóòbù sí i lára. Nígbà tí àwọn ènìyàn kún ilé, tí ẹ̀rọ amúlémóoru sì ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, àwọn iná igi tó ti sùn nínú ẹ̀ka rò pé oṣù kẹrin, tí ooru máa ń padà, ti dé. Wọ́n jí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n ń já bọ́ sórí àwọn akọrin tó wọ funfun láti òkè délẹ̀.

Aunty Bíọ́dún, tó ń darí wọn, fọwọ́ gbá nǹkan kan léjìká, ó wò ó, àbàwọ́n àlùkò ló kù níbẹ̀. Ó tún gbá òmíràn. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, funfun gbogbo wọn ti di alámì tóótòòtó. Wọ́n dá orin dúró. Aunty Bíọ́dún gba máìkì, ó ní, "Please, everybody, ẹ kúrò nídìí igi yìí. Ticks ni o. I'm a nurse, mo mọ ticks." Ìjọ tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ nọ́ọ̀sì ni, ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe tú ká. Bàbá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí ọfà ọ̀tá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta á. Ẹni tó ta ọfà wà ní ìjókòó kẹrin, ó de táì mọ́rùn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ticks, ìyẹn eégbọn tó ń kó àrùn ranni, mo mọ̀ pé kì í bu ènìyàn jẹ. Mi ò là á fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdílé mẹ́rin tí mo júwe oko náà fún pè mí pé kòkòrò ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì àwọn. Akọ̀wé ìjọ pe oko, ó sọ fún Miss Loretta pé a máa kìlọ̀ fún àwọn ìjọ yòókù kí wọ́n má ra igi níbẹ̀ mọ́. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, oko náà ò ní rí ọdún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Miss Loretta wọlé wá fúnra wọn, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n dé fìlà, wọ́n ń tẹ ọ̀pá. Pásítọ̀ gbé máìkì fún wọn. Wọ́n ní àwọn làwọn ni oko, ọ̀dọ̀ àwọn ni igi náà ti jáde, kí ìjọ má bínú. Wọ́n ṣàlàyé pé iná igi lásán ni, pé àwọn máa fọ aṣọ àwọn akọrin, àwọn á sì gbé igi míì wá. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára dé egungun: "Ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ìdí igi wọ̀nyẹn mọ́, ẹni yẹn kì í purọ́. Nítorí náà, ojú mi ló ti di ojú àgbà, ẹ̀bi mi ni."

Wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ìyàwó mi ò yí ojú sí mi, ó rọra sọ ọ́ sílẹ̀ ni: "Daddy Tọ́lá, stand up. Obìnrin yẹn ò lè máa bá ẹ ru ẹrù ẹ."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò tó oṣù mẹ́rin. Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mò ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọ́fíìsì ni mò ń lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi, mi ò ṣe é, mo sì sọ fún wọn pé mo ti ṣe é." Mo tún un sọ lédè òyìnbó kí Miss Loretta lè gbọ́. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n jáde. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Àwọn ará ìjọ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n fi táì mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún kan, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa ra igi. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún mẹ́fà kò ju ẹ̀rín lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo lọ dá kọ́kọ́rọ́ abà padà, Miss Loretta ti wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò pẹ̀lú àwo. Wọn ò gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n bi mí pé ìlà wo ni mo fò. Mo ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́. Mi ò lé ọ. Àmọ́ láti òní lọ, ohunkóhun tí o bá sọ fún mi, màá fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ wò ó."

Wọ́n sì ṣe bí wọ́n ti wí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá jíṣẹ́, wọ́n á gbé àwo, wọ́n á lọ. Nínú oòrùn, nínú òjò, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọn kì í bínú, wọn kì í ta òkò ọ̀rọ̀, a jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń lọ wò ó ni. Kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé bíi kí obìnrin yẹn tún gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè fi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo tó wá mọ iṣẹ́. Ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a ti dá ẹsẹ̀ èèrà dúró, àwọn kòkòrò pupa roboto yẹn padà wá fúnra wọn, wọ́n jẹ iná igi tán láìjẹ́ pé a wọ́n oró kankan sí ewé. Ìgbà kan dé tí gbogbo àgbẹ̀ ń lo oògùn tuntun tó lágbára, àwa náà gbìyànjú rẹ̀. Ó pa iná, ó pa èèrà, ó pa àwọn tó ń jẹ iná pẹ̀lú. Iná ló kọ́kọ́ padà, tayọ̀tayọ̀, kò sí ọ̀tá mọ́. A gbé oògùn náà tì, a padà sídìí ọ̀já àti àwo. Lónìí, fóònù lè ya fọ́tò kòkòrò kó sì dárúkọ rẹ̀ fún yín, drone ń fò lórí oko. Ó dára, ẹ lò ó. Àmọ́ mi ò tíì rí drone tó lè wo ikùn èèrà.

Àwọn ilé tuntun wá yí oko náà ká. Miss Loretta fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rìn, kẹ́ ẹ sì mọ̀, kẹ̀kẹ́ náà ló ń gbé wọn lọ yẹ iṣẹ́ mi wò. Nígbà tí wọn ò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́, Denise, ọmọ àbúrò wọn, ni wọ́n ń rán pẹ̀lú àwo. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn, mo ti kọ́ ènìyàn púpọ̀ níṣẹ́ náà, síbẹ̀ ọmọbìnrin tí mo mọ̀ láti kékeré ni yóò lọ wo ẹ̀yìn mi. Ó máa ń dùn mí. Mi ò sọ ọ́ rí, nítorí èmi ni mo fọwọ́ ara mi rà á.

Bí ẹ bá ní iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe, èmi ò mọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ràn kòkòrò, kó lọ sọ́dọ̀ kòkòrò, kó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tó wù kí ó jẹ́, ẹni tí o bá ń jíṣẹ́ fún ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Ẹyin ni ohùn. Mo fọ́ tèmi lọ́jọ́ kan péré, mo sì fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣà á.

Oṣù kẹsàn-án tó gbẹ̀yìn Miss Loretta láyé, mo ti oko dé, mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú. Mo jíṣẹ́ bí mo ṣe máa ń jẹ́ ẹ: igi mọ́kànlá ni èèrà ń gùn, mo ti fi ọ̀já sí mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ìyókù mọ́. Wọ́n di ojú fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Denise ti gbé àwo, ó ti ń wọ bàtà rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n lajú, wọ́n ní, "Denise, gbé àwo yẹn sílẹ̀. Ó ti wò ó."

Denise dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó wò mí, ó wò wọ́n, ó wá gbé àwo náà sórí tábìlì. Ó bi mí bóyá màá mu tíì. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sì sunkún.